Ohun tó ń jẹ́ kí ọ̀kadà féèlì níbi àyẹ̀wò ọdọọdún, àti ìdí tí ẹni tó ń gùn ún kì í fi í mọ̀

Ẹ jẹ́ n sọ ọ́ bí mo ṣe rí i. Tí wọ́n bá dá ọ̀kadà padà níbi àyẹ̀wò ọdọọdún, ó ṣọ̀wọ́n kó jẹ́ pé ẹ́ńjìnì ló fà á. Ẹ́ńjìnì ni gbogbo wa ń tọ́jú torí òun ló máa ń pariwo, tó bá ti ń rú èéfín tàbí tí ohùn ẹ̀ yí padà báyìí, kíá la ti gbé e dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì. Àwọn tí kì í pariwo ló ń kó bá wa: iná ẹ̀yìn tí ò tàn mọ́, bíréèkì tó ti jẹ tán, táyà tó ti dán, bíárìn tó ń mì, ṣéènì tó ti dẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni gbogbo wọn ń bàjẹ́, ó sì ń mọ́ ẹni tó ń gùn ún lára díẹ̀díẹ̀. Ibi tẹ́ ẹ tẹ bíréèkì dé lóṣù tó kọjá kọ́ lẹ̀ ń tẹ̀ ẹ́ dé báyìí, ó ti wọlẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ yín ti bá a lọ, ẹ ò fura. Ìdí tí mo fi máa ń sọ fún àwọn ọmọ tó ń bá mi ṣiṣẹ́ nìyẹn pé ẹni tó ń gun máṣíìnì ló máa ń mọ̀ kẹ́yìn pé ó ti bàjẹ́.

Ìbàdàn níbí ni mo ti ń ṣe díspáàṣì. Mo ní máṣíìnì mélòó kan tí àwọn ọmọ fi ń gbé ẹrù kiri, Mọ́kọ́lá o, Bódìjà o, Challenge o, Mọ́lété o, ibi tí oníbàárà bá ṣáà ti pè wá sí, èmi náà sì ní èyí tí mò ń gùn. Gbogbo wọn ló ń lọ fún àyẹ̀wò. Mo mọ̀ pé àwọn ọlọ́kadà kan wà tí wọ́n máa ń fowó rán ẹnì kan kó bá wọn gbé ìwé roadworthiness, ìwé tó ń fi hàn pé máṣíìnì yege àyẹ̀wò, jáde láì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fojú kan máṣíìnì, wọ́n á ní àwọn ò ráyè, wọ́n á ní ìwé ṣáà ni wọ́n ń bi èèyàn lójú títì. Mi ò fara mọ́ ọn rárá, inú mi sì máa ń bàjẹ́ tí mo bá gbọ́ ọ. Ìwé ò lè bá èèyàn tẹ bíréèkì ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Òkè Màpó. Ìpínlẹ̀ wa yìí gan-an kọ́ ló yẹ kí irú ẹ̀ ti wọ́pọ̀, torí kí ìjọba àpapọ̀ tó dá FRSC, àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó tiwọn, sílẹ̀ ní 1988, Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ti ní ẹ̀ṣọ́ ojú pópó tirẹ̀ láti 1977, Wọlé Ṣóyinká fúnra ẹ̀ wà lára àwọn tó ṣáájú ẹ̀. Ọ̀rọ̀ ká má kú sójú títì ti pẹ́ lẹ́nu wa níbí.

Iná ni mo máa kọ́kọ́ mú torí òun ló ń dá máṣíìnì padà jù. Kì í sì í ṣe ọ̀dọ̀ tiwa nìkan. Àbúrò ìyàwó mi tó wà nílùú ọba ń gun máṣíìnì lọ síbi iṣẹ́, wọ́n ní àyẹ̀wò tiwọn tí wọ́n ń pè ní MOT, tí máṣíìnì bá ti pé ọdún 3 ó di dandan kó máa lọ lọ́dọọdún, iye tó pọ̀ jù tí wọ́n lè gbà lọ́wọ́ ẹni tó gbé máṣíìnì lásán wá, èyí tí ò ní kẹ̀kẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ni 29.65 pọ́ùn, àbájáde ẹ̀ sì máa ń wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì tó jẹ́ pé ẹni tó bá fẹ́ ra máṣíìnì náà lè fi nọ́ńbà ẹ̀ wo gbogbo ọdún tó ti féèlì àti ohun tó fà á láì san kọ́bọ̀. Ohun kan ṣoṣo tí mo ń jowú wọn lé lórí nìyẹn, ká ní a ní irú ẹ̀ níbí ni, tòkunbọ̀ kan ò ní tàn wá jẹ. Òun ló sọ fún mi pé iná ló máa ń wà lókè pátápátá lọ́dọ̀ àwọn náà. Mo ní ṣé pẹ̀lú bí ọ̀nà yín ṣe dán tó, ó ní ẹ̀gbọ́n, gílóòbù ò mọ̀ pé ọ̀nà dán.

Iná bíréèkì lẹ́yìn ni kẹ́ ẹ fojú sí jù. Gílóòbù ẹ̀yìn tó wà lára ọ̀pọ̀ máṣíìnì ní okùn iná méjì nínú, ọ̀kan kéré, wáàtì 5, òun ló ń tàn tẹ́ ẹ bá tan iná iwájú, ìkejì lágbára, wáàtì 21, òun ló ń mọ́lẹ̀ rẹ́kẹrẹ̀kẹ tẹ́ ẹ bá tẹ bíréèkì. Tí èyí tó lágbára bá já, èyí tó kéré á ṣì máa tàn, ẹ máa wẹ̀yìn lálẹ́ ẹ máa rí pupa, ẹ máa rò pé kò séwu, bẹ́ẹ̀ sì rèé ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn yín ò ní mọ̀ rárá pé ẹ ti ń dúró. Nígbà míì gílóòbù ò níṣòro, súwíìsì ni. Súwíìsì kékeré kan wà lápá ẹsẹ̀ ọ̀tún, sípíríǹgì tín-ín-rín kan ló so ó mọ́ bíréèkì, erùpẹ̀ pupa ilẹ̀ wa yìí á wọnú ẹ̀, omi òjò á tẹ̀ lé e, sípíríǹgì á já bọ́ lójú ọ̀nà láì sẹ́ni tó rí i. Ti bíréèkì ọwọ́ náà ní súwíìsì tiẹ̀, òun làwọn èèyàn kì í rántí. Bí mo ṣe máa ń wò ó ni pé tílẹ̀ bá ti ń ṣú, mo máa ń kọ ẹ̀yìn máṣíìnì sí ògiri, mo tan iná, mo wá tẹ bíréèkì ẹsẹ̀ nìkan, kí n wo ara ògiri bóyá pupa yẹn lé sí i, mo fi ẹsẹ̀ sílẹ̀, mo tún fa ti ọwọ́ nìkan. Ẹ má tẹ méjèèjì pọ̀ o, torí èyí tó ń ṣiṣẹ́ á bo èyí tó ti kú mọ́lẹ̀.

Tráfíkétọ̀ náà ń bẹ níbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá rí i tó ń ṣẹ́jú kíákíá lápá kan ju bó ṣe máa ń ṣe lọ, gílóòbù kan ti kú lápá yẹn, ti iwájú tàbí ti ẹ̀yìn. Nílùú ọba wọ́n fẹ́ kó ṣẹ́jú láàárín ìgbà 60 sí 120 ní ìṣẹ́jú kan. Ọ̀pọ̀ ọlọ́kadà nílùú yìí ti yọ tráfíkétọ̀ dànù láti ìgbà tí wọ́n ti kọ́kọ́ ṣubú tó ṣẹ́, wọ́n wá ń na ẹsẹ̀ síta láti fi júwe ibi tí wọ́n ń lọ, a dẹ̀ ti gbà á bẹ́ẹ̀, dírẹ́bà tákísí Máíkírà tó wà lẹ́yìn ló kù tó máa mọ̀ bóyá ẹsẹ̀ ń dún ọ ni tàbí o fẹ́ yà. Àwọn kan tún ti pààrọ̀ iná iwájú sí àwọn LED funfun tó ń fọ́ èèyàn lójú, wọ́n á dojú ẹ̀ kọ òkè, ẹni tó ń bọ̀ níwájú ò ní rí nǹkankan mọ́. Ìyẹn náà máa ń féèlì, ó sì tọ́ kó féèlì.

Ẹ jẹ́ ká bọ́ sórí bíréèkì torí ibẹ̀ ni mo fẹ́ pẹ́ sí. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn Boxer àti TVS tó kún ìgboro Ìbàdàn, bíréèkì dírọ́ọ̀mù ni wọ́n ní, ẹ ò lè rí inú ẹ̀ láì tú táyà. Nínú ẹ̀, bíréèkì ṣúù méjì ló kọjú síra wọn, irin kékeré kan wà láàárín wọn tó máa ń yí tẹ́ ẹ bá tẹ bíréèkì, òun ló ń ṣí wọn sọ́tọ̀ kí láníìnì, ìyẹn ohun tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ojú ṣúù, lè gba dírọ́ọ̀mù mú. Bí láníìnì bá ṣe ń jẹ la ó máa fún nọ́ọ̀tì tó wà lẹ́nu irin gígùn tó so bíréèkì ẹsẹ̀ mọ́ dírọ́ọ̀mù láti ìta, ó dáa bẹ́ẹ̀, báyẹn ni wọ́n ṣe ṣe é. Wàhálà bẹ̀rẹ̀ nígbà tí nọ́ọ̀tì bá ti fún dé òpin tí kò wá síbi tó tún lè lọ mọ́, tí ẹni tó ń gùn ún ò sì fẹ́ rówó ra ṣúù.

Lọ́jọ́ kan, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ gbé Boxer ẹ̀ wá fún sáfíìsì, ó ní ọ́ìlì nìkan ló fẹ́ pààrọ̀, kò sí wàhálà míì. Ọ̀gá mẹkáníìkì wa ò tíì fọwọ́ kan nǹkankan, ó kàn bẹ̀rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà ẹ̀yìn, ó ní, "Ta ló sún apá bíréèkì yìí?"

"Ẹ̀gbọ́n, bí mo ṣe bá a nìyẹn o."

"Tẹ̀ ẹ́ kí n rí i."

Ó tẹ̀ ẹ́. Ọ̀gá ní kí èmi náà bẹ̀rẹ̀ wá wò ó. Apá irin kúkúrú kan wà lára dírọ́ọ̀mù, òun ni irin gígùn yẹn ń fà. Tẹ́ ẹ bá tẹ bíréèkì dáadáa, kò yẹ kí igun tó wà láàárín apá yẹn àti irin tó ń fà á kọjá 90 dígírì, tó bá ti kọjá bẹ́ẹ̀, gbogbo agbára ẹsẹ̀ tẹ́ ẹ ń lò ń ṣòfò ni. Ti Boxer yìí ti dùbúlẹ̀ síwájú pátápátá. Ẹnì kan ti yọ ọ́ kúrò lórí eyín tó jókòó lé, ó wá gbé e sún sí eyín kejì kó lè tún rí ààyè fún nọ́ọ̀tì. Òfófó kan tún wà níbẹ̀, àmì ọfà kékeré kan tí ilé iṣẹ́ máa ń ṣe sára ọ̀pọ̀ dírọ́ọ̀mù, tí ọfà bá ti kọjá ìlà lẹ́yìn tẹ́ ẹ tẹ bíréèkì, ṣúù ti tán nìyẹn. Ẹni tó bá ti sún apá yẹn, ọfà náà ti di irọ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Nígbà tí ọ̀gá wá tú u, eruku dúdú ló kọ́kọ́ dà sílẹ̀, láníìnì ọ̀kan ti rí bíi bébà lápá kan, ojú dírọ́ọ̀mù sì ti ní ìlà méjì gbòòrò tó wọnú. Irin fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ha irin. Ọmọ yẹn ń gbé ẹrù láti Challenge lọ Sángo lójoojúmọ́ pẹ̀lú ìyẹn, ó ń gba Òkè-Àdó kọjá, kò purọ́ nígbà tó ní kò sí wàhálà, lójú tiẹ̀ kò sí lóòótọ́. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nínú ọ̀rọ̀ yìí gan-an nìyẹn.

Ti bíréèkì ọwọ́, tó ń mú táyà iwájú, ọ̀rọ̀ tiẹ̀ tún yàtọ̀. Àwọn ọlọ́kadà wa gbà pé ó máa ń da èèyàn nù, torí náà wọn kì í lò ó, torí pé wọn kì í lò ó kébù ẹ̀ á dógùn-ún, á gan, nígbà tí wọ́n bá wá dé ibi àyẹ̀wò tí wọ́n ní kí wọ́n fà á, ó lè wọlé kó má padà mọ́. Òótọ́ ni pé tẹ́ ẹ bá já a mú lójijì lórí iyẹ̀pẹ̀ tàbí lójú ọ̀nà tútù táyà iwájú lè yọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà téèyàn bá fẹ́ dúró, gbogbo ìwúwo máṣíìnì àti ti ẹni tó wà lórí ẹ̀ iwájú ló ń sún lọ, táyà ẹ̀yìn á fúyẹ́, torí náà iwájú ló ń ṣe iṣẹ́ tó pọ̀ jù. Ẹni tí ò lo ti ọwọ́, ìdajì bíréèkì ẹ̀ ló ti sọ nù, ó ju ìdajì lọ gan-an. Ọmọ tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa, mo máa ń mú un lọ sórí pápá ká jọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń fà á díẹ̀díẹ̀, ìka méjì, kó tó gbé ẹrù oníbàárà kankan.

Táyà ò ní pẹ́ yé yín. Nílùú ọba, máṣíìnì tó bá ti ju 50cc lọ, ìfín ojú táyà ò gbọdọ̀ dín ní mílímítà 1. Lọ́dọ̀ tiwa àárín ló máa ń kọ́kọ́ dán, torí títì tààrà là ń sáré lé lórí àti torí èrò mẹ́ta tí wọ́n ń kó sẹ́yìn, ẹ̀gbẹ́ á ṣì ní ìfín dáadáa tó jẹ́ pé tẹ́ ẹ bá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ ẹ máa rò pé táyà ṣì dáa. Ẹ lọ sẹ́yìn, ẹ bẹ̀rẹ̀, ẹ wò ó látàárín. Ẹ sì wo ọjọ́ orí ẹ̀. Lára táyà, lẹ́yìn lẹ́tà DOT, nọ́ńbà mẹ́rin kan máa ń wà níbẹ̀, méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀, méjì ìkẹyìn ni ọdún, tó bá jẹ́ 1219, ọ̀sẹ̀ kejìlá 2019 ni wọ́n ṣe é. Mo ti rí táyà tí wọ́n pè ní tuntun ní ìsọ̀ páàtì, tí lílọ́ọ̀nù ṣì wà lára ẹ̀, tó ti sán wẹ́ẹ́rẹ́wẹ́ẹ́rẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ nítorí oòrùn àti ọjọ́ orí. Tẹ́ ẹ bá lọ Àràròmí ní Gate lọ ra páàtì, ẹ má tijú, ẹ wá nọ́ńbà yẹn kẹ́ ẹ tó sanwó. Àwọn tó ń fi irin gbóná fín ojú táyà tó ti dán, mi ò ní sọ̀rọ̀ púpọ̀ lé wọn lórí, ẹ̀mí èèyàn ni wọ́n ń fi ṣeré.

Èyí tó máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu jù ni bíárìn ọrùn, èyí tó wà lábẹ́ háńdù. Ihò ojú títì wa ló ń pa á. Gbogbo ìgbà tí táyà iwájú bá já sínú kòtò, àwọn góòlì inú bíárìn yẹn á lu ojú ibi tí wọ́n jókòó sí, nígbà tó bá yá wọ́n á ti gbẹ́ kòtò tiwọn síbẹ̀. Ẹ gbé máṣíìnì sórí sítáàǹdì ńlá, kí ẹnì kan tẹ ẹ̀yìn kí táyà iwájú kúrò nílẹ̀, kẹ́ ẹ wá fi ìka kan yí háńdù pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ láti ọ̀tún lọ sí òsì. Tó bá ti fẹ́ dúró gbọn-in láàárín, bí ẹni pé ó rí ilé ẹ̀, bíárìn yẹn ti lọ. Ẹ tún di ẹsẹ̀ ṣọ́ọ̀kù iwájú mú nísàlẹ̀, ẹ tì í ẹ fà á, tó bá ń mì, ẹ máa mọ̀ ọ́n lọ́wọ́. Tí ọ́ìlì bá ń yọ lára ṣọ́ọ̀kù, ìyẹn náà wà lára ohun tí wọ́n ń wò, torí ó lè ṣàn dé ọ̀dọ̀ bíréèkì. Lẹ́yìn, ẹ di táyà mú ẹ mì í sọ́tùn-ún sósì, kò yẹ kó mì rárá.

Ṣéènì: nígbà tẹ́ ẹ bá gbé e sókè láàárín pẹ̀lú ìka, kó lọ bíi sẹ̀ńtímítà 2 sí 3, kẹ́ ẹ yí táyà kẹ́ ẹ tún wò ó níbòmíì torí kì í fà dọ́gba. Àwọn kan máa ń fún un le dan-in dan-in, wọ́n rò pé ìyẹn ló dáa, bíárìn ẹ̀yìn ni wọ́n ń pa. Èyí tó dẹ̀ jù ló burú jù ṣá, tó bá fò kúrò lórí eyín ẹ̀ tó sì há, táyà ẹ̀yìn á dúró lójijì.

Họ́ọ̀nù, kó dún. Nọ́ńbà, kó hàn, kí ẹ má ká a kò, kí ẹrẹ̀ má bò ó. Sàlẹ́ńsà, kó má ní ihò, kẹ́ ẹ má sì gbẹ́ inú ẹ̀ kó lè máa dún bí ìbọn. Tẹ́ ẹ bá ti pààrọ̀ ẹ́ńjìnì, ẹ rí i pé nọ́ńbà tó wà lára ẹ̀ bá ti inú ìwé mu kẹ́ ẹ tó kúrò nílé. Díńgí nìkan ni mo fẹ́ dúró lé lórí díẹ̀, ó yà mí lẹ́nu nígbà tí mo gbọ́ pé MOT àwọn òyìnbó ò ka díńgí máṣíìnì kún ohun tí wọ́n ń yẹ̀ wò. Tèmi ni pé ní Ìbàdàn, pẹ̀lú bí Máíkírà ṣe ń já wọ àárín èèyàn láti ọ̀tún láti òsì ní Ìwó Road, máṣíìnì tí ò ní díńgí ò yẹ kó jáde. Àwọn ọmọ máa ń yọ ọ́ torí kí wọ́n lè rí àárín mọ́tò fún kọjá nínú go-slow. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó bá yọ díńgí ò ní gbé ẹrù lọ́jọ́ yẹn.

Ohun tí à ń ṣe báyìí tí àyẹ̀wò bá ti ń sún mọ́ ni pé mo máa ń ní kí àwọn ọmọ pààrọ̀ máṣíìnì láàárín ara wọn, kí onítibí gun tọ̀hún. Kì í pẹ́ rárá tí wọ́n á fi bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí. "Bọ̀ọ̀dá, bíréèkì ọmọ yìí ti lọ o." "Bọ̀ọ̀dá, háńdù ẹ̀ ń fà mí sósì." Ẹni tó ni ín á máa jiyàn pé kò sóhun tó ṣe é, pé bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa ń rí, èmi á kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀. Rìwáyà ló máa ń kọ́kọ́ gbà wọ́n torí iná ló rọrùn jù láti tún ṣe, owó ẹ̀ kì í sì í pọ̀, lẹ́yìn náà ni wọ́n á kọjá sọ́dọ̀ ọ̀gá mẹkáníìkì pẹ̀lú bébà tí mo kọ. Mo máa ń fi ọ̀sẹ̀ bíi méjì sílẹ̀ kí ọjọ́ àyẹ̀wò tó pé, torí bíárìn ọrùn lè gbà á lọ́jọ́ kan gbáko, tí kò bá sì sí páàtì gidi ní Gate lọ́jọ́ yẹn, a máa dúró dìgbà tó bá dé.